Ọjọ́ Tí Dámiláre Gbálẹ̀ Ní Fájuyì

Iṣu ti jinná, ẹyin díndín ti wà nínú àwo, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó fọwọ́ kan oúnjẹ láàárọ̀ ọjọ́ náà nílé Ọ̀gbẹ́ni Ayọ̀rìndé ní àdúgbò Adébáyọ̀ ní Adó. Àwo mẹ́rin ni Àyọ̀kẹ́ ìyàwó rẹ̀ gbé sórí tábìlì. Ènìyàn mẹ́ta ló wà nínú ilé. Ọkọ rẹ̀ rí àwo kẹrin, ó gbójú kúrò. Dámiláre ọmọ wọn náà rí i. Àyọ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ kò mọ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ṣe àfi ìgbà tó jókòó tán, ó sì yára gbé àwo náà padà sí kíṣìnnì bí ẹni tó jalè.

Báàgì dúdú kan wà lẹ́nu ọ̀nà. Àyọ̀kẹ́ ló di ẹrù sínú rẹ̀: ṣòkòtò, síńgílẹ́ẹ̀tì, ọṣẹ, Bíbélì kékeré. Ìlọrin ni báàgì náà ń lọ. Ohun tí wọn kò tíì fẹnu kò lé lórí ni bóyá ẹni tó ni ín yóò bá a lọ.

Fájuyì ló yẹ kí Dámiláre wà láàárọ̀ yìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ó jẹ́wọ́ níwájú adájọ́ pé lóòótọ́ lòun wà lára àwọn tó jí jẹnẹrétọ̀ onígbàjámọ̀ kan gbé ní Ìkẹ́rẹ́. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ẹ̀wọ̀n gbáà nìyẹn. Ṣùgbọ́n òfin ti yí padà ní ìpínlẹ̀ wa, ó sì ti yí padà ní àwọn ìpínlẹ̀ tó múlé tì wá, àwọn ọ̀mọ̀wé kúkú ń fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ dá wa lárayá lórí rédíò. Wọ́n ní ẹni tí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kéré, tí kò ṣe irú rẹ̀ rí, tó sì jẹ́wọ́, adájọ́ lè ní kó fi iṣẹ́ ìlú dípò ẹ̀wọ̀n. Lọ́yà tí ṣọ́ọ̀ṣì bá wọn wá bẹ̀bẹ̀ fún ìyẹn, adájọ́ sì gbà. Kí Dámiláre máa gbá ojú títì Fájuyì ní àràárọ̀, kí ó wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn tí wọ́n kọ̀wé gàdàgbà sí lẹ́yìn rẹ̀, kí òṣìṣẹ́ ìjọba máa ṣọ́ ọ. Bí kò bá yọjú lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọn yóò fagi lé àánú náà, yóò sì lọ ṣẹ̀wọ̀n.

Ẹ wo àánú. Ẹ wá wo ilé tí ó wọ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Ayọ̀rìndé ti ṣe igbákejì ọ̀gá ilé ìwé kí ó tó fẹ̀yìn tì, ó sì wà lára àwọn tí ń gbé igbá ọrẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Láti ọjọ́ tí ọlọ́pàá ti mú ọmọ rẹ̀, ó ti ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá bèèrè pé Dámiláre ríṣẹ́ sí Àbújá. Ó sọ ọ́ débi pé ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé irú iṣẹ́ tí ó jẹ́. Nígbà tí lọ́yà kó ìròyìn ayọ̀ wá pé ọmọ kò ní lọ sẹ́wọ̀n, ojú bàbá yìí kò yọ̀ rárá. Ó ní ẹ̀wọ̀n ń bo ènìyàn lójú ayé. Ó ní ọmọ tó wà lẹ́wọ̀n lè wà ní Àbújá, ṣùgbọ́n ọmọ tó ń gbálẹ̀ ní Fájuyì, Fájuyì ló wà.

Òun ló pe àbúrò rẹ̀ ní Ìlọrin pé kó máa retí ọmọ náà. Láàárọ̀ yìí, ó tún un sọ lórí iṣu tí ń tutù. Ó ní tí mọ́tò bá ti kọjá Ọ̀tùn lẹ́nu ààlà, ọ̀rọ̀ ti parí, nítorí ọlọ́pàá ìhín kì í bá tọ̀hún sọ̀rọ̀, kóòtù ìhín kò sì mọ ohun tí tọ̀hún ń ṣe.

Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀. "Ṣé ìwọ náà kò fojú ara rẹ rí i ni?"

Àyọ̀kẹ́ mọ ẹni tí ó ń sọ. Ó ti rí i. Kò sí ẹni tó rí i tó o ní gbogbo Adó.

Orúkọ tí wọn kì í pè mọ́ nínú ilé náà ni Akínbọ́lá. Òun àti Dámiláre jọ dàgbà, wọ́n jọ kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, kò sì sí ọjọ́ tí kì í jẹun níbẹ̀. Òun ló máa ń ha ìdí ìkòkò, tí yóò ní iṣu tó jóná díẹ̀ dùn ju èyí tí kò jóná lọ. Àwọn méjèèjì ló gbé jẹnẹrétọ̀ náà. Dámiláre sọ̀ kalẹ̀ ní Adó, Akin gbé e kọjá ààlà láti tà á, ibẹ̀ ni wọ́n ti mú un, ní ìpínlẹ̀ kejì, tí ẹrù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sọ fún ọlọ́pàá pé òun nìkan kọ́. Ó dárúkọ Dámiláre. Ìyá rẹ̀ sáré wá sí Adébáyọ̀ pẹ̀lú ìró ilé lára, ó bi Àyọ̀kẹ́ bóyá òótọ́ ni. Àyọ̀kẹ́ wò ó lójú, ó ní Dámiláre wà pẹ̀lú òun ní ìsọ́ òru ṣọ́ọ̀ṣì títí ilẹ̀ fi mọ́.

Bí ó bá mọ síbẹ̀ ni, ì bá ṣeé gbé mì. Ìyá kan purọ́ nítorí ọmọ rẹ̀, ọ̀pọ̀ ìyá ti ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Àyọ̀kẹ́ tún gbé irọ́ náà lọ síwájú pẹpẹ. Ní ọjọ́ Ìsinmi kejì, ó ṣe ìdúpẹ́. Ó gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó jẹ́rìí pé Olúwa yọ ọmọ òun kúrò lọ́wọ́ ẹgbẹ́ búburú àti ahọ́n èké, ìjọ ní Halelúyà, ó sì jó lọ síwájú. Ìyá Akin ló tẹ̀ lé e lẹ́yìn, tó ń bá a jó, tó ń nu òógùn ojú rẹ̀. Nígbà tí orin dákẹ́, obìnrin náà kúnlẹ̀ níwájú gbogbo ìjọ, ó bẹ Àyọ̀kẹ́ pé kó forí ji ọmọ òun tó ba orúkọ ọmọ rẹ̀ jẹ́. Àyọ̀kẹ́ fà á dìde, ó ní òun ti dárí jì í.

Láti ọjọ́ náà, kò sí bí yóò ṣe kó ọ̀rọ̀ náà jẹ mọ́. Irọ́ tí a pa fún ènìyàn, a lè lọ bá ẹni náà nílé. Èyí tí a ti fi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run lójú ìjọ, tí àlùfáà ti gbàdúrà lé lórí, ibo ni ènìyàn yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú u?

Ní ìkọjá ààlà lọ́hùn-ún, òfin tuntun wà lọ́dọ̀ tiwọn náà. Lọ́yà sọ ọ́ fún wọn, ó ní ọ̀rọ̀ inú ìwé méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà. Ṣùgbọ́n Akin kò ní lọ́yà. Wọ́n gbé adájọ́ tó yẹ kó gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ lọ sí ibòmíràn, ẹlòmíràn kò tètè dé. Lọ́jọ́ tí adájọ́ wà, ọkọ̀ kò sí tí yóò gbé e wá. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ wà, ọlọ́pàá tó mú un kò yọjú. Báyìí ni ó ṣe wà nínú yàrá kan pẹ̀lú ènìyàn tó pọ̀ ju àyè lọ, tó ń dúró de ìdájọ́, tí ikọ́ sì mú un níbẹ̀. Ó kú kí ẹnikẹ́ni tó bi í léèrè bóyá ó jẹ̀bi tàbí kò jẹ̀bi. Ohun tí wọ́n fi ìgbálẹ̀ dá lẹ́jọ́ níhìn-ín ni wọ́n fi ẹ̀mí dá lẹ́jọ́ lọ́hùn-ún, ọ̀nà tó sì wà láàárín méjèèjì kò jìn ju ibi tí ọlọ́kadà lè gbé ènìyàn dé lọ. Èmi tí mò ń sọ ọ́ yìí, inú ń bí mi.

Lẹ́yìn ìsìnkú Akin ni onígbàjámọ̀ náà rí Dámiláre ní gáréèjì, tó sì dá a mọ̀ pé òun ló wá gẹrun lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ òun sọnù. Àwọn ọlọ́pàá kò gbá a létí kí ó tó jẹ́wọ́. Ó dà bí ẹni tó ti ń retí wọn.

Wọ́n ṣì wà nídìí oúnjẹ tí wọn kò jẹ nígbà tí Ìyá Dùnmínínú, ará ilé kejì, ṣílẹ̀kùn wọlé láìkànkùn, bí ó ti máa ń ṣe. Iyọ̀ ló wá tọrọ. Ojú rẹ̀ kọ́kọ́ bọ́ sórí báàgì, kó tó bọ́ sórí Dámiláre.

Ọ̀gbẹ́ni Ayọ̀rìndé ti dáhùn kí ó tó bèèrè. Ó ní Àbújá ni ọmọ ti dé lánàá, ó sì ń padà lọ lónìí, iṣẹ́ kò jẹ́ kó ráyè. Ìyá Dùnmínínú ní Ọlọ́run yóò sọ́ ọ lọ. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn. Ó ní wọ́n sọ ọ́ lórí rédíò pé olè ni yóò máa gbálẹ̀ ní Fájuyì báyìí, pé òun ń lọ wò wọ́n tí òun bá ti se ọbẹ̀ tán, kí òun lè mọ ojú wọn. Ó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ohùn rẹ̀ wálẹ̀.

Ó ní Ìyá Akin ti padà sídìí búrẹ́dì rẹ̀ ní Fájuyì lọ́sẹ̀ yìí. Ó ní ó ti gbẹ, ọrùn aṣọ rẹ̀ ń yọ̀ kúrò léjìká. Ó ní ikú ọmọ náà kọ́ ló ń sọ fún àwọn ènìyàn. Ohun tó ń sọ ni pé irọ́ wà lẹ́nu ọmọ òun títí ó fi kú, pé òun kò mọ ibi tí Ọlọ́run yóò fi irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sí.

"Ẹ̀yin ẹ kú orí ire, Ìyá Dámi," ni ó wí. "Ẹ̀yin tí Ọlọ́run yọ tiyín."

Ó gba iyọ̀, ó lọ. Àyọ̀kẹ́ dúró sí ibi tó ti bu iyọ̀ fún un. Iyọ̀ díẹ̀ ti dà sílẹ̀. Ó ti mọ̀ pé Fájuyì ni obìnrin náà ti ń tajà. Ohun tó ti fi ń tu ara rẹ̀ nínú ni pé kò sí níbẹ̀ mọ́, pé ọ̀fọ̀ ti mú un jókòó sílé. Ní wákàtí yẹn, kò purọ́ fún ara rẹ̀: ó fẹ́ kí ọmọ òun lọ sí Ìlọrin. Ìtìjú ọkọ rẹ̀ kọ́ ló ń dà á láàmú. Kò fẹ́ kí obìnrin yẹn rí Dámiláre pẹ̀lú ìgbálẹ̀.

Ó gbé báàgì, ó nà án sí ọmọ náà. 

Dámiláre dìde. Láti ìgbà ìsìnkú ni ọmọ yìí ti ń sùn sí etí ẹní, tí yóò fi ìdajì tí Akin máa ń sùn sí sílẹ̀, bí ìyá rẹ̀ bá sì tẹ́ ẹ dáadáa fún un, yóò tún sún padà sétí. Ó gba báàgì náà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

"Bàbá mi, Fájuyì ni mò ń lọ."

Bàbá rẹ̀ ní kó jókòó. Kò jókòó. Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ orúkọ ìdílé, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ olùkọ́ tó ṣe láìní àbàwọ́n, ọ̀rọ̀ ojú tí òun yóò fi wo àwọn ènìyàn ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi. Ó sọ ọ́ títí ohùn rẹ̀ fi ya. Dámiláre jẹ́ kó sọ ọ́ tán.

"Akin dárúkọ mi, ẹ ò jẹ́ kí wọ́n gbà á gbọ́," ni ó wí. "Bí mo bá tún sá, ta ló fẹ́ bá a sọ ọ́?"

Kò pariwo sọ ọ́. Bàbá rẹ̀ wo ìyá rẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ kí obìnrin náà bá òun dá sí i. Àyọ̀kẹ́ ń wo ilẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Ayọ̀rìndé wọ yàrá lọ, ó ti ilẹ̀kùn, wọ́n sì gbọ́ tó tan rédíò, tó ń yí ohùn rẹ̀ sókè.

Àyọ̀kẹ́ wá fìlà kan àti ìbòmú tó ṣẹ́ kù láti ìgbà kòrónà, ó fi sọ́wọ́ ọmọ rẹ̀. Ó ní òun yóò sìn ín dé ibẹ̀. Dámiláre gbà á. Ó lo ìbòmú náà nítorí ìyá rẹ̀. Ọ̀kadà kan náà ló gbé àwọn méjèèjì, ìyá lẹ́yìn, ọmọ láàárín, bí wọ́n ti máa ń lọ síléèwé nígbà tó wà ní kékeré. Nígbà tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ nídìí ìsọ̀ rọ́bà, Àyọ̀kẹ́ rí i pé òun ti di ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀tì ọmọ rẹ̀ mú gírígírí débi pé ó rún.

Obìnrin tí ìjọba fi ṣọ́ wọn ń jẹ́ Màdáàmù Adéyẹyè, ènìyàn jẹ́jẹ́ ni. Ó ti kó ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó sì ń pín ẹ̀wù fún Dámiláre àti àwọn bíi mélòó kan tí wọ́n jọ gba ìdájọ́. Àyọ̀kẹ́ fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́, kó fi ọmọ òun sí apá ibòmíràn, kì í ṣe ìhà ibi tí àwọn ọlọ́jà wà. Màdáàmù ní ibi tí kóòtù ní kí wọ́n gbá ni wọn yóò gbá. Ó ní kí ìyá fọkàn balẹ̀, kò sí ẹni tí yóò na ọmọ rẹ̀ níhìn-ín. Ó ní òun mọ ọ̀pọ̀ ìyá tí yóò fẹ́ gba ipò rẹ̀ láàárọ̀ yìí. Kò mọ ohun tó sọ.

Dámiláre bẹ̀rẹ̀ sí í gbálẹ̀. Àyọ̀kẹ́ lọ dúró lẹ́bàá ọgbà Fájuyì, ó fi ìborùn bo ẹnu. Àwọn ènìyàn ń kọjá, àwọn kan ń dúró wò, àwọn ọlọ́kadà ń yọ ṣùtì sí àwọn tó ń gbálẹ̀, àwọn kan ní kí wọ́n gbá a kó mọ́ dáadáa. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbọ́ wọn. Ojú rẹ̀ ń wá ẹnìkan ṣoṣo, ẹni náà ló sì kọ́kọ́ rí i.

"Ìyá Dámi, ẹ̀yin nìyí?"

Ìyá Akin ti gbé búrẹ́dì sí apá, ó ń bọ̀ wá kí i. Ó gbá a mọ́ra. Egungun èjìká rẹ̀ gún Àyọ̀kẹ́ láyà. Ó ní òun ti fẹ́ wá sí ulé wọn láti wá dúpẹ́ pé wọ́n bá òun sin òkú, agbára ni kò jẹ́. Èdè Adó ló máa ń sọ láìka ẹni tó bá wà níwájú rẹ̀ sí. Ó fi búrẹ́dì kan sọ́wọ́ Àyọ̀kẹ́, ó ní kó gbé e fún Dámiláre tó bá pè láti Àbújá, kó ní òun ló fún un. Ó gbàgbé pé a kì í fi fóònù rán búrẹ́dì, tàbí bóyá kò bìkítà.

Lẹ́yìn náà ni ó yíjú sí ojú títì, ó wo àwọn tó ń gbálẹ̀. Kò pòṣé bí àwọn yòókù.

"Ẹ wo ọmọ ọlọ́mọ," ni ó wí. "Bó bá jẹ́ irú uṣẹ́ yìí ni wọ́n fún tèmi ni, èmi gan-an ǹ bá máa bá a gbá a."

Ó mú búrẹ́dì mìíràn kúrò ní apá rẹ̀, ó ní òun fẹ́ fún èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn, èyí tó fi nǹkan bo ẹnu, ó jọ pé kò tíì jẹun. Dámiláre ló ń tọ́ka sí. Àyọ̀kẹ́ di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó fẹ́ sọ pé kó má lọ, ó fẹ́ sọ pé òòrùn mú, ó fẹ́ sọ ohunkóhun. Ìyá Akin rọra já ọwọ́ rẹ̀ gbà, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó rò pé Àyọ̀kẹ́ ń bẹ̀rù olè ni.

Dámiláre rí i tó ń bọ̀. Ó dúró. Ó yọ fìlà, ó yọ ìbòmú, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀ tó ń gbá, pẹ̀lú ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn lọ́rùn rẹ̀. 

 Búrẹ́dì ṣì wà ní ọwọ́ tí Ìyá Akin nà.

"Kí lo ṣe?" ni ó bèèrè.

"Jẹnẹrétọ̀ Ìkẹ́rẹ́ ni, Ìyá Akin. Èmi àti Akin la jọ gbé e. Kò purọ́ mọ́ mi."

Àyọ̀kẹ́ ti dé ẹ̀yìn wọn. Ó kúnlẹ̀ láìmọ ìgbà tó kúnlẹ̀. Ó ń retí igbe, ó ń retí àbàrá, ó ń retí kí obìnrin náà dárúkọ ìdúpẹ́ yẹn lójú gbogbo ayé. Bó bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, ì bá tù ú lára. Ṣùgbọ́n Ìyá Akin kò wò ó. Ọmọ tó dọ̀bálẹ̀ ni ó ń wò, ó sì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ ṣàlàyé nǹkan.

"Mo lọ wò ó lọ́hùn-ún. Ó tún ní ẹ jọ wà níbẹ̀ ni. Mo ní urọ́ ló ń pa. Mo ní kó má ṣe pè mí ní yèyé mọ́ títí yóò fi jẹ́wọ́." Ó gbé búrẹ́dì náà sí ọwọ́ kejì. "Nígbà tí mo padà lọ, ó ní, 'Ẹ káàbọ̀, Màdáàmù.' Bó ti ń pè mí títí ó fi kú nìyẹn. Kò jẹ́wọ́."

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé búrẹ́dì náà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí Dámiláre, jẹ́jẹ́, kí ó má baà yí sínú ìdọ̀tí. Ó ní kó dìde, kó jẹun, kó parí iṣẹ́ rẹ̀. Ó wá yí padà, ó ń rìn lọ sídìí àtẹ rẹ̀ láàárín àwọn ènìyàn tó ń yà fún un.

Àyọ̀kẹ́ dìde, ó tẹ̀ lé e ní ìṣísẹ̀ díẹ̀, ó la ẹnu láti pè é. Láti ogún ọdún tí wọ́n ti mọra, orúkọ ọmọ rẹ̀ ló fi ń pè é. Ó dúró láàárín títì pẹ̀lú ẹnu tó là sílẹ̀, kò sì rí ohun tí yóò pè é.